Ẹṣin Méjì àti Kátírẹ́ẹ̀lì

 

Agbẹ̀bí ni mí. Láti 1975 títí di 2005 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní agbègbè Kétu àti Pọ́bẹ̀. Nínú ọgbọ̀n ọdún náà, mọ́tò kékeré méjì ni mo ní. Èkíní ni Citroën 2CV. Èkejì ni Renault 4. Mọ́tò méjèèjì ti di ohun àtijọ́ báyìí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ yín má tíì rí ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ ó rántí ariwo wọn lójú ọ̀nà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn wọn fún yín, nítorí pé inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí wọn. Wọ́n sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan. Ohun tí ènìyàn bá mọ inú rẹ̀, tí ó sì lè tọ́jú, òun gan-an ni ó ní. Ohun tí a kò mọ inú rẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀, a kàn yá a lò ni.

BÍ MO ṢE RA ẸṢIN MÉJÌ

Ní 1978, mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan, ní abúlé kan tó wà láàárín Kétu àti Pọ́bẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà wa nígbà náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, eruku a bo ewé igi títí ewé yóò fi pọ́n bí ilẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a gba ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ sí àwọn abà. Bí aboyún kan bá ní láti dé ilé ìwòsàn ńlá, a ó dúró de kámíọ̀ tó ń ti ọjà bọ̀. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, a ó dúró títí. Nígbà mìíràn, a máa ń dúró jù. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí mo ń sọ.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Faransé wà ní Àjàṣẹ́. Ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀. 2CV ni, àwọ̀ eérú ni wọ́n kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ránṣọ ní Àjàṣẹ́ gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo gba èsúsú mi. Ọkọ mi ta àgbàdo. A kó owó jọ, kò tó. Olùkọ́ náà gbà pé kí n san ìyókù ní ìgbà méjì. Báyìí ni mọ́tò ṣe di tèmi.

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe mọ́tò yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ẹṣin méjì». Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin méjì lọ. Bí ìjọba Faransé ṣe ń ka owó orí mọ́tò láyé ìgbà náà ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ orúkọ náà fún àwọn ará abúlé, ó dùn mọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, Ẹṣin Méjì ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn ọmọdé bá gbọ́ ariwo rẹ̀ lókèèrè, wọn a sáré jáde: «Ẹṣin Méjì ń bọ̀! Ìyá Agbẹ̀bí ń bọ̀!»

Àwọn kan fi mí ṣe ẹ̀rín. Bàbá àgbà kan wò ó yíká, ó wo òrùlé rẹ̀ tó jẹ́ aṣọ, ó ní: «Ìyá Agbẹ̀bí, ṣé mọ́tò ni èyí ni, àbí agboòrùn tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin?» Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé: «Bàbá, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì.»

ẸNI TÓ RO MỌ́TÒ YÌÍ

Mo bi olùkọ́ náà léèrè bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò rẹ̀. Ó sọ fún mi, lẹ́yìn náà mo sì tún kà á nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín ní kúkúrú.

Ní nǹkan bí 1935, ọ̀gbẹ́ni kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pierre-Jules Boulanger wà nínú àwọn ọ̀gá Citroën. Ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ Faransé ṣì ń lo ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe mọ́tò kan fún wọn. Mọ́tò náà gbọ́dọ̀ gbé àgbẹ̀ méjì àti àádọ́ta kìló ànàmọ́ òyìnbó. Kò gbọdọ̀ mu ju lítà 3 lọ fún kìlómítà 100. Ó tún ní bí a bá gbé agbọ̀n ẹyin sínú rẹ̀, tí a sì wà á gba inú oko tí wọ́n ti kọ, ẹyin kan kò gbọdọ̀ fọ́.

Ogun dé ní 1939, wọ́n sì kó àwọn tí wọ́n ti ṣe pamọ́ kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tẹ̀ wọ́n. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1948, wọ́n gbé mọ́tò náà jáde ní Paris. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń dúró fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kàn wọ́n láti rà á. Títí di 1990 ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní 1973, Citroën kó 60 lára àwọn mọ́tò yìí jọ ní Abidjan. Àwọn ọ̀dọ́ wà wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Tunis ní etí òkun àríwá. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo sọ lọ́kàn mi pé bí Sàhárà kò bá dá a dúró, ẹrẹ̀ Kétu kò ní dá a dúró.

BÍ A ṢE Ń WÀ Á

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Awakọ̀ kámíọ̀ ni. Ó ti máa ń gba ojú ọ̀nà Ìlárá lọ sí Nàìjíríà tipẹ́. Ó sọ fún mi pé kí ó tó di 1972, bí òun bá ti kọjá ẹnubodè, òun ní láti bọ́ sí ọwọ́ òsì, nítorí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa. Nítorí náà, ohùn kan ni ó ń pa mọ́ mi létí ṣáá: «Ìyàwó wa, ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún!»

Ọ̀pá tí a fi ń yí agbára mọ́tò padà kò sí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Iwájú ni ó ti yọ jáde, ó sì tẹ̀ bí ọwọ́ agboòrùn. A ó fà á, a ó tì í, a ó yí i. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, apá dùn mí. Lẹ́yìn náà, ó mọ́ mi lára bí ọmọ odó.

Bí mo bá yà sí kọ̀rọ̀, mọ́tò náà a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí a ké pé: «A ti ṣubú!» A kì í ṣubú. Irin orí rẹ̀ tí ń rọ̀ tí ń lé wà ní abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò. Ó so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá bọ́ sínú kòtò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti mọ̀ pé kòtò ń bọ̀.

Ẹ̀rọ rẹ̀ kò gba omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Fún wa tó ń rìn níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn, oore ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùn bá mú gan-an, èsáǹsì a máa hó nínú ohun tí ń fà á lọ sí ẹ̀rọ, mọ́tò a sì dákẹ́. Nígbà náà, n ó gba omi díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá, n ó rẹ aṣọ, n ó fi bò ó. Bí a bá ti jẹ ọsàn kan tán, mọ́tò a tún ṣiṣẹ́. Bí iná rẹ̀ bá sì kú, irin tí a fi ń tú ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni a ó ti bọ iwájú, a ó fi ọwọ́ yí i, ẹ̀rọ a sì jí.

Ìjókòó rẹ̀ ṣeé yọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń gbé wọn sílẹ̀ lábẹ́ igi fún àwọn àgbààgbà. Mo rò pé kò sí ìdílé kan ní abúlé náà tí kò tíì jókòó lórí ìjókòó Ẹṣin Méjì.

ÒRU KAN NÍ OṢÙ ÒKÚDÙ

Ní òru kan ní oṣù Òkúdù 1981, ọkùnrin kan sáré dé láti abà. Ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí láti òwúrọ̀ àná. Mo lọ wò ó. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ohun tí ọwọ́ agbẹ̀bí lè ṣe kò sí níbẹ̀. Dókítà ni ó lè gbà á, ilé ìwòsàn tí dókítà wà sì wà ní Àjàṣẹ́. Ó lé ní kìlómítà 70. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo yọ ìjókòó ẹ̀yìn àti ìjókòó kan níwájú. A tẹ́ ẹní méjì àti aṣọ sílẹ̀. A gbé obìnrin náà sí i, ìyá rẹ̀ sì di orí rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ jókòó mọ́ ibi tí àyè wà. Bí ẹ̀yìn mọ́tò ti wúwo, iná iwájú gbójú sókè, ó ń tan ewé igi dípò ọ̀nà. Ẹni tó ṣe Ẹṣin Méjì ti ro èyí pẹ̀lú. Nǹkan kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí a ń yí. Mo yí i, iná sì padà sílẹ̀.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi bá kámíọ̀ ńlá kan. Ó ti rì sínú ẹrẹ̀, ó sì dábùú ọ̀nà. Kò sí àyè lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Awakọ̀ rẹ̀ àti àwọn èrò rẹ̀ ń sùn lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ẹrù. Mo pe wọ́n. Wọ́n jí, wọ́n gbé fìtílà wá, wọ́n rí ẹni tó wà nínú mọ́tò mi. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Oko gbágùúdá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ebè ni gbogbo rẹ̀. Mọ́tò mi kò tó 600 kìló. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ di í mú láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rì, wọn a gbé e. Níbi tí kò bá rì, n ó wà á díẹ̀díẹ̀ lórí ebè. Ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá aboyún lẹ́yìn mi: «Rọra, ọmọ mi. Rọra.» N kò mọ̀ bóyá èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ni, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí mọ́tò. Nígbà náà ni mo rántí ọ̀gbẹ́ni Boulanger àti agbọ̀n ẹyin rẹ̀.

A kọjá. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó dé Àjàṣẹ́. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyá yè, ọmọ yè. Obìnrin ni ọmọ náà. Òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo ra àkàrà àti ẹ̀kọ fún àwọn tó wà nínú kámíọ̀. Wọ́n ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

IKE TÍ KÒ NÍ ÀKỌLÉ

Mọ́tò a máa gbani, ó sì lè pani. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ní mẹkáníìkì kan tó mọ iṣẹ́ púpọ̀. Etí ni ó fi ń wo mọ́tò sàn. Bí mo bá ń bọ̀ lókèèrè, ó ti mọ̀ bóyá bùjíì kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwé. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kó òróró sínú ike tí kò ní àkọlé. Wọ́n ń fi àwọ̀ àti òórùn mọ̀ wọ́n.

Ní 1984, ọ̀gá náà lọ sí ìsìnkú ní Ṣábẹ. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi díẹ̀ kún omi ìjánu mọ́tò mi. Ọmọ náà mú ike kan, ó sì dà á sí i. Òróró ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: rọ́bà kékeré wà nínú ìjánu mọ́tò. Òróró ẹ̀rọ a máa mú kí rọ́bà yìí wú, kí ó sì rọ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ níwájú. Mo tẹ ìjánu, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan. Mo yí agbára mọ́tò sí ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ké. Mo fa ìjánu ọwọ́. Mo fọn fèrè. Àwọn ọmọ fọ́n ká. Mọ́tò wọ inú òkìtì yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì dúró. N kò farapa. Kò sí ọmọ kan tó farapa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbọ̀n títí di alẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì dé, ó tú gbogbo ìjánu náà. Ó fi rọ́bà tó ti wú hàn mí, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kò gba owó iṣẹ́. Kò lé ọmọ náà lọ. Ó ní: «Ìyá Agbẹ̀bí, ọmọ yìí kọ́ ni. Ike ni kò lè sọ̀rọ̀.»

Ní ọdún yẹn kan náà, ó wá sí kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní èdè wa. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 40. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ọ̀dà funfun kọ sára ike ni ÌJÁNU. Èkejì ni Ẹ̀RỌ. Ìkọ̀wé náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ike ti ń sọ̀rọ̀.

KÁTÍRẸ́Ẹ̀LÌ

Ní 1987, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ Ẹṣin Méjì. Mo fún ọ̀gá mẹkáníìkì, ó ń yọ nǹkan lára rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Mo sì ra Renault 4 kan tí ènìyàn méjì ti lò ṣáájú mi. Gbogbo wa ń pè é ní Kátírẹ́ẹ̀lì, bí àwọn tó gbọ́ Faransé ti ń pè é.

1961 ni wọ́n gbé irú mọ́tò yìí jáde ní Faransé. Wọ́n ṣe ju 8,000,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lò ó ní Faransé, àwọn tó ń pín lẹ́tà náà lò ó. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo omi, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé omi náà mọ́ inú, kì í tètè gbẹ. Ilẹ̀kùn márùn-ún ni ó ní. Èyí tó wà lẹ́yìn ń ṣí sókè bí ojú fèrèsé ìsọ̀. Agbọ̀n, àpò àgbàdo, ewúrẹ́, ẹní aboyún, gbogbo rẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun ìyanu kan wà lára rẹ̀. Àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 gùn ju ti apá òsì lọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, n kò gbà gbọ́. Mo mú okùn, mo wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni! Irin gígùn méjì tó gbé ẹ̀yìn mọ́tò dúró kò lè wà lójú kan náà. Ọ̀kan ní láti wà níwájú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni Kátírẹ́ẹ̀lì ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣáájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, bí ènìyàn.

Ní 1989, owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde fún oṣù púpọ̀. Ẹ rántí ọdún náà. Àwọn olùkọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, iléèwé tì. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nílé. Àwọn aboyún kò sì lè dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ ọjà, mo ń kó ẹrù àwọn ìyá lọ sí Kétu, wọ́n sì ń fún mi ní owó díẹ̀, tàbí gàrí, tàbí iṣu. Ní ọjọ́ yòókù, Kátírẹ́ẹ̀lì dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Mọ́tò yẹn ló bọ́ wa ní ọdún náà.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1994, wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù. Tẹ́lẹ̀, 50 fùráǹkì tiwa ni ó ń ra fùráǹkì Faransé kan. Lójú ọjọ́ kan, ó di 100. Nǹkan mọ́tò tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá di ìlọ́po méjì. Ọkùnrin kan wá láti Kútọnu. Ó ní òun yóò ra Kátírẹ́ẹ̀lì, òun yóò tú u tà ní wẹ́wẹ́. Owó tó fi lọ̀ mí tó láti san owó iléèwé ọmọ mi méjì. N kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà. Ọkọ mi ní: «Mọ́tò rẹ ni. Iṣẹ́ rẹ ni. Ìwọ ni kí o sọ.»

Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. A jókòó, a ṣí ìwé tí mo ń kọ nǹkan mọ́tò sí. A ka ohun tí a ti pààrọ̀ àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀. A rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì lágbára, pé ohun tí yóò bàjẹ́ ní ọdún méjì sí i kò pọ̀. Ọ̀gá náà mọ Kátírẹ́ẹ̀lì kan tó ti kú ní Sàkétẹ́, tí adìẹ ń yé sí inú rẹ̀. A rà á ní owó kékeré. Ilẹ̀kùn rẹ̀, ìjánu rẹ̀, iná rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń lò díẹ̀díẹ̀. N kò ta mọ́tò mi. Èsúsú àwọn ìyá ọlọ́jà ni ó bá mi san owó iléèwé ọdún yẹn.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí sínú Kátírẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà. Ẹ mọ orúkọ tí Yorùbá ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Abíọ́nà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Bí wọ́n bá rí mi lónìí, wọn a ní: «Ìyá, mọ́tò wa ńkọ́?»

ÌWÉ MỌ́TÒ

Ẹ lè béèrè bí mọ́tò tó ti gbó ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ìwé ni.

Mo ní ìwé iléèwé kan tí ń gbé inú mọ́tò. Ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fa ìlà mẹ́ta. Lábẹ́ èkíní, mo ń kọ ọjọ́. Lábẹ́ èkejì, mo ń kọ iye kìlómítà. Lábẹ́ ẹ̀kẹta, mo ń kọ ohun tí a ṣe: «A pààrọ̀ òróró ẹ̀rọ.» «A fọ bùjíì.» «Ẹsẹ̀ òsì iwájú jò.» Èdè wa ni mo fi ń kọ ọ́, kí mẹkáníìkì lè kà á. Nígbà tó mọ ìwé tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ìwé yìí ló fi hàn wá pé èsáǹsì inú ìgò tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ń ba bùjíì jẹ́. Ní oṣù tí a bá rà á láìfi aṣọ sẹ́ ẹ, a ń fọ bùjíì ní ìgbà mẹ́ta. Ní oṣù tí a bá sẹ́ ẹ, ìgbà kan péré ni. Ojú lè gbàgbé. Etí lè gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé.

Ní 2006, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo fi Kátírẹ́ẹ̀lì fún ọmọ iṣẹ́ ìjelòó tó da òróró sínú ìjánu mi. Ó ti di ọ̀gá nígbà náà, ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Mo fún un ní ìwé mọ́tò pẹ̀lú. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n jẹ́. Ó wà á fún ọdún mélòó kan kí ó tó tú u.

Lónìí, zémìjàn ló gba gbogbo ọ̀nà. Mọ́tò àlòkù ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọ Kútọnu, wọ́n tóbi, wọ́n tutù nínú. Ní 2024, Renault gbé mọ́tò tuntun kan jáde tó ń jẹ́ 4, iná mànàmáná ni ó ń lò. Ó dára. Ayé ń lọ síwájú. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí Ẹṣin Méjì.

Ohun tí mo ń sọ ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà, kò dìgbà tí ẹ bá ní mọ́tò. Bóyá zémìjàn ni ẹ ní, tàbí ẹ̀rọ ìlọta, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí kẹ̀kẹ́. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ fa ìlà mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iṣẹ́ tó ṣe, ẹ kọ ohun tí ẹ tún ṣe lára rẹ̀. Ẹ kọ àkọlé sára ike yín. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le láti kọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi lé ní 40 ọdún kí ó tó kọ ÌJÁNU, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi sì ti balẹ̀ bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.